Kí Ló Burú Nínú "Big Rain"? Bí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Yan Ẹni Tí Yóò Bá Rìn

Òjò ọ̀sán ọjọ́ náà kò ránṣẹ́ síwájú. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tókọ́pì tí mo sì ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà, nígbà tí ariwo bo páànù orí wa débi pé a kò gbọ́ ara wa mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń múra JAMB sáré wọlé, ó ti báàgì bọ abíyá kí ìwé inú rẹ̀ má baà tutù. Ojú ìwé mẹ́rin ló fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. Iná ti lọ, òjò kò dá, ló bá fi ìka lé gbólóhùn kan tí olùkọ́ lẹ́sìnnì rẹ̀ ti fi bírò pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. 'Big' ni ńlá. 'Rain' ni òjò. Òjò ńlá ló ń rọ̀ yìí, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Kí ló wá burú nínú 'big rain'?"

Mo ní "heavy rain" ni wọ́n ń wí.

Ó ní, "Ta ló gbé e sórí ìwọ̀n?"

Mi ò rí nǹkan sọ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Use of English kì í ṣe ohun tí ọmọ JAMB lè fò dá: ìbéèrè 60 ló ń kó nínú 180 tí wọn yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà pàápàá ń kó sínú rẹ̀. Mo ń rí i nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti Ọ̀fà, láti Ọ̀mù-Àrán, láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Sípẹ́lì pé, gírámà gún, síbẹ̀ tí ẹ bá kà á sókè, nǹkan kan á máa ta yín létí. Nǹkan náà ni mo fẹ́ tú wò níbí.

Kí là ń pè ní ọ̀rọ̀ alájọrìn?

Nínú èdè gbogbo, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ti jọ ń rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi ń retí èkejì bí a bá ti gbọ́ ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ èdè ń pè é ní "collocation" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ó máa pè é ní ọ̀rọ̀ alájọrìn. "Heavy" àti "rain" jẹ́ alájọrìn. "Big" àti "rain" kàn jẹ́ àlejò méjì tí wọ́n pàdé ní gáréèjì.

Ẹ má pè é ní gírámà o. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀rọ̀ tó ń júwe nǹkan ṣíwájú orúkọ nǹkan náà, "big rain" sì pa òfin yẹn mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ náà, torí ẹni tó bá gbọ́ "big rain" yóò mọ ohun tí ẹ ń wí. Àṣà ni. Kò sí òfin ìjọba tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi gbẹ̀gìrì jẹ ìrẹsì. Ẹni tó bá dán an wò kò ní ṣẹ̀wọ̀n, yóò sì yó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà ní búkà ni yóò yíjú wò ó.

Onímọ̀ èdè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. R. Firth, tó kọ́ni ní Yunifásítì London, wà lára àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé yẹ̀wò. Ní 1957 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń kó ni a ó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tiwa ti wí i tipẹ́ pé àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ẹ wo "heavy" fúnra rẹ̀. Bí ó bá bá ẹrù rìn, "a heavy load", wíwúwo ni. Bí ó bá bá òjò rìn, ó di rírọ̀ kíkankíkan. "Heavy traffic" di gosiló, irú èyí tó ń há wa mọ́ Pọ́ọ̀sì Ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́. "A heavy smoker" lè rí tín-ínrín bí igi ìgbálẹ̀, ó kàn jẹ́ pé sìgá rẹ̀ kì í tán lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o, ẹni tó bá rìn ló ń yí i padà.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe báyìí?

Rárá. Yorùbá ń ṣe é ju bí a ti rò lọ, a kì í kàn kíyè sí i ni. Ẹ mú "pa". Ẹni tó pa ewúrẹ́ mú ọ̀bẹ dání. Ẹni tó pa irọ́ ńkọ́? Ẹni tó pa àlọ́, tó pa òwe, tó pa ariwo, tó pa àṣẹ, tó pa àtẹ́wọ́, ibo ni òkú ohun tó pa wà? Ọmọ tí a bí sí Òkèlélé kì í bèèrè. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì wá há àwọn wọ̀nyí fún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irọ́ bọ́ sọ́wọ́ "tell": "He told a lie." Àlọ́ náà tẹ̀ lé "tell": "Grandma told us a story." Ariwo lọ bá "make": "Don't make noise." Àṣẹ lọ bá "give": "The chief gave an order." Òwe di "quote a proverb". Àtẹ́wọ́ kò tilẹ̀ wá alábàárìn, "clap" nìkan ti gbé e dé ilé. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí yóò dúró fún "pa" níbi gbogbo yóò wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ lè fi "jẹ" dán an wò fúnra yín: jẹ iyán, jẹ gbèsè, jẹ oyè, jẹ ìyà.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ki àwọ̀ àti ìṣesí lẹ́yìn. Funfun báláú, pupa fòò, dúdú kirikiri. Ẹ lọ sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún pé aṣọ rẹ̀ funfun fòò, kí ẹ wá wo bí yóò ṣe fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló kọ́ ọ? Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀. Àwa ń sùn fọnfọn, tiwọn ni "fast asleep": "The baby is fast asleep." "Fast" ibẹ̀ yẹn kò bá eré sísá tan. Láyé àtijọ́, ohun tó dúró gbọn-in, tó so mọ́lẹ̀, ni wọ́n ń pè ní "fast", òun náà ló ṣẹ́kù sínú "fasten", ìyẹn dídè mọ́ nǹkan. Ẹni tó sùn bẹ́ẹ̀, oorun ti dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere lóru jẹ́ "wide awake". Kò sí "fast awake", kò sí "wide asleep". Òkùnkùn biribiri ni "pitch dark", "pitch" sì jẹ́ ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ọkọ̀ ojú omi. Ṣẹ́ẹ̀tì ọmọkùnrin tó sá wọlé yẹn, tó tutù rinrin? "His shirt was soaking wet."

Ibo ni Yorùbá ti ń jò wọ inú Gẹ̀ẹ́sì wa?

Bí a kò bá tíì mọ alájọrìn tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ọwọ́ wa a máa ya lọ sí ti ilé. A ó mú méjèèjì bí wọ́n ṣe wà, a ó wá túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn ni a ń gbọ́ ní Yorùbá, la fi ń sọ pé "I am hearing a smell." Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò na etí títí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. "I can smell something burning" ni tirẹ̀. A ń gbọ́ Yorùbá, la fi ń bi àlejò pé "Do you hear Yoruba?" nígbà tó jẹ́ "Do you understand Yoruba?" ni òun mọ̀. A ń fọ eyín, àwọn ń "brush" tiwọn: "Brush your teeth before you sleep." A ń mu ọsàn, àwọn ń jẹ ẹ́: "She ate two oranges." A ní kí wọ́n "on the light", a gbàgbé pé "on" kò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe láìsí ẹni tó tì í lẹ́yìn: "Please turn on the light."

Ti òtútù tún wà níbẹ̀. Ní Yorùbá, òtútù ló ń mú èèyàn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn ló ń mú òtútù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà: "I caught a cold" ni pé mo kó ọ̀fìnkìn. Bí ó bá jẹ́ pé ọyẹ́ òwúrọ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu, "I am cold" ni kí ẹ wí. Bí imú bá ń ṣomi, "I have a cold." Ọ̀rọ̀ kékeré "a" yẹn ló pààlà sí àárín ẹni tó fẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó fẹ́ oògùn. "Cold is catching me" tí a ń sọ níbí kò ṣe kedere sí wọn ní ẹ̀gbẹ́ kankan.

Èyí tó dun èmi fúnra mi jù ni ti oògùn. Ìyá kan tó ń ta ata ní Ìpàtá gbé fọ́ọ̀mù kan wá fún mi. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi í ránṣẹ́, torí ìyá fẹ́ lọ kí wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá òun fà á, ṣùgbọ́n òun ń lo oògùn òun láàárọ̀ àti lálẹ́, òun kì í fi ṣeré. Èmi akọ̀wé, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: "She uses drugs every morning and every night." Mo kà á sókè fún un. Ó ní Ọlọ́hun yóò bù kún mi, ó san owó rẹ̀, ó lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ pè mí. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Nígbà tó rín in tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ Màámi di amugbó." Lẹ́nu àwọn ará ọ̀hún, "use drugs" kò jìnnà sí igbó, kokéènì àti irú wọn. Oògùn tí dókítà kọ fún èèyàn, "take" ló ń bá a rìn: "She takes medicine for high blood pressure." "She takes her tablets twice a day." Mo tún fọ́ọ̀mù náà tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá ò mọ ohun tí mo fi pè é títí dòní, ó ṣì ń bu ẹ̀ẹ̀nì fún mi bí mo bá ra ata.

"Do" àti "make", èwo ni ká lò níbo?

Yorùbá ní "ṣe" kan, ó sì ń fi ṣe ohun gbogbo: ṣe iṣẹ́, ṣe òwò, ṣe àṣìṣe, ṣe ìlérí, ṣe ìpinnu. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì bí ẹni pín ogún. "Do" ló jogún iṣẹ́: "I have done my homework." "She does business in Ilorin." "Make" ló jogún ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ títí ẹnì kan fi dá a sílẹ̀. Àṣìṣe kò sí lórí ìwé kí ẹ tó ṣe é: "He made a mistake in the second question." Ìlérí kò sí kí ẹ tó ya ẹnu: "She made a promise." Ìpinnu ńkọ́? "We made a decision last night." Owó pẹ̀lú, "make money". Bí ẹ bá wá mú ìlérí náà ṣẹ, "keep" ni yóò bá a rìn, "She kept her promise". Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́, "break" ni.

Ìlànà yìí yóò gbé yín dé ìdajì ọ̀nà, yóò sì já yín sílẹ̀. "I make my bed every morning" kì í ṣe ọ̀rọ̀ káfíńtà, ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. "Can you do me a favour?" ni wọ́n ń wí, wọn kì í fi "make" síbẹ̀. "Pay attention" kò ná yín ní kọ́bọ̀, "We paid a visit to our grandmother in Igbaja" kò sì sọ iye tí wọ́n san fún ìyá àgbà. Ẹ má wá ìdí. Ẹ gbà á bí a ti gba "pa irọ́".

"Ga" náà pín sí méjì lọ́wọ́ wọn. Òkè Sobi ga, ọmọ àbúrò mi ga, ṣùgbọ́n "Sobi Hill is high", "My nephew is tall". Ẹ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ wọn. Bí ẹ bá sọ pé ọmọ náà "is high", wọn yóò rò pé òun náà ń lo oògùn bíi ti ìyá wa ọ̀hún.

Bí méjì bá jọ ń rìn, ta ló ń ṣíwájú?

Àwọn alájọrìn kan wà tí "and" so wọ́n pọ̀, tí ipò wọn kì í yí. "Bread and butter." "Salt and pepper." "Husband and wife." Bí ẹ bá yí i sódì, ìtumọ̀ kò yí, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bí ẹni wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kúkurú sábà máa ń ṣíwájú èyí tó gùn. "Men and women" tẹ̀ lé e, "ladies and gentlemen" náà tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló ṣíwájú nínú èkejì.

Àwa náà ní tiwa. Tọkọtaya ni a ń wí, ẹnikẹ́ni kì í wí tayatọkọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni tiwa àti tiwọn ń bára mu: tọ̀sán tòru ni "day and night", tọmọdé tàgbà ni "young and old". Ibi tí wọn kò ti bára mu ló ń múni. Àwa ní lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní "left and right". Àwa ní síwá sẹ́yìn, wọ́n ní "back and forth", ẹ̀yìn ló ṣíwájú lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá ń ronú ní Yorùbá ló ń kọ "right and left", mo sì mọ̀ ọ́n torí èmi náà ti kọ ọ́ rí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe ńkọ́?

Ti èyí kò gùn, àmọ́ òun ló ń ba lẹ́tà jẹ́ jù lọ lọ́wọ́ mi. "Apply" ń fẹ́ "for": "I wish to apply for the post of clerk." "Good" ń fẹ́ "at", "interested" ń fẹ́ "in". "Discuss" kò fẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀: "We discussed the matter", kì í ṣe "discussed about". "Request" ló ń tan èèyàn jù. Bí ó bá jẹ́ orúkọ, ó ń mú "for" lọ́wọ́: "my request for leave". Bí ó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ti já "for" sílẹ̀ nílé: "I request two weeks' leave."

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tiwa wá burú ni?

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford kéde pé àwọn ti gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà. Alájọrìn wà nínú wọn dáadáa. "Eat money" wà níbẹ̀, ìyẹn jẹ owó, tí a ń sọ nípa àwọn tó ń fi owó ìlú ṣe tiwọn. "Next tomorrow", ọ̀túnla wa, wà níbẹ̀. "Barbing salon" wọlé, "rub minds" wọlé, "put to bed" tí a fi ń sọ pé obìnrin bímọ náà wọlé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ti di èdè nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé kí ẹ mọ ẹni tó wà níwájú yín. Bí ẹ bá sọ ní Ìlọrin pé "My wife has put to bed", àdúrà ni wọn yóò fi dáhùn. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ará London, yóò máa retí kí ẹ dárúkọ ọmọ tí ìyàwó yín tẹ́ sùn. JAMB pẹ̀lú, ti àwọn ará London ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í béèrè ti Tánkẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ èyí tó tọ́?

Ohun tí mo sọ fún ọmọkùnrin náà nìyí nígbà tí òjò ń fúyẹ́ bọ̀. Má ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ kan ní àdáwà. Bí o bá kọ "mistake" sínú ìwé rẹ, kọ "make a mistake", kí o sì fi gbólóhùn kan tì í. Bí o bá fẹ́ wá a nínú ìwé atúmọ̀-èdè, orúkọ nǹkan ni kí o wá, má wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Lábẹ́ "make" o ó rí igba nǹkan tí yóò sú ọ. Lábẹ́ "mistake", ìdáhùn wà nínú gbólóhùn àpẹẹrẹ kìíní tàbí ìkejì. Lórí Google, fi àmì àyọlò yí ọ̀rọ̀ méjèèjì ká kí o tó wá wọn. Wo irú àwọn tó ń lò ó, bóyá oníwèé ìròyìn ni tàbí ẹni tó ń tajà lórí Facebook.

Fóònù pàápàá lè ràn yín lọ́wọ́. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tó máa ń dábàá ọ̀rọ̀ tó kàn, alájọrìn ló fi ń ṣiṣẹ́: wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ìwé hàn án, ó sì ti kíyè sí èyí tó sábà ń tẹ̀ lé èyí. Ọmọkùnrin náà tẹ "heavy" sórí tirẹ̀, "rain" sì wà nínú mẹ́ta tó yọ jáde. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí èmi náà dán tèmi wò. Mo tẹ "I request". Kí n tó gbé ìka kúrò, "for" ti yọ jú. Ìwà oní-nǹkan ni fóònù náà ń kọ́, ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti ń tẹ "request for" nínú lẹ́tà oníbàárà.

Ọmọ náà wo fóònù, ó wo ojú mi, ó ká ìwé rẹ̀ jọ. Òjò ti dá.